Kó Bà

Aago méje ìdájí, mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀,
ìgò márùn-ún nínú báàgì, ẹsẹ̀ mi wúwo.
Nítòsí ilé gígùn tó tẹ̀ bí oṣù tuntun ní Bọ́kísítìnì,
ẹnu idẹ kan wà tí kì í sinmi omi dídà.
Mo na ọwọ́ sí i. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́,
kì í ṣe gbígbóná, bí omi tí ìyá ti fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ wò
kó tó gbé ọmọ sínú rẹ̀.

Bàbá Hásílámù, tó fi ìgbà èwe fọ́ òkúta,
ní òjò tó rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ èdè òun
ni omi yìí. Ó rì wọnú òkúta ẹfun,
ó lọ tọrọ iná lọ́wọ́ ilẹ̀,
òwúrọ̀ òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìrìn àjò dé.
Mo ní, "Ẹ kú àbọ̀," sí omi.
Bàbá rò pé òun ni mò ń kí. Ó ṣí fìlà.

Ẹ má bi mí bóyá mo rántí Ìkógòsì.
Èkìtì ni wọ́n bí mi,
mo mọ ibi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti pàdé omi tútù
tí ọ̀kankan wọn kò sọ ìwà rẹ̀ nù.
Èyí ò ní ìkejì. Ó dá wà nínú òtútù,
oruku díẹ̀ lórí rẹ̀ bí èémí ẹni tó ń ronú.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mú èmi àti Morádéùn rìn.
Odò Wáì gba àárín àpáta, ó ń kùn bí àgbà.
Ẹyẹ kúkurú kan wà lórí òkúta,
àyà rẹ̀ funfun bí aṣọ ọmọ iléèwé lọ́jọ́ Ajé,
ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ó ń kúnlẹ̀,
bí ìyàwó tó kan àna mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà.
Gẹ́rẹ́ tí a súnmọ́ ọn, ó wọ odò.
Kò lúwẹ̀ẹ́, ẹ gbọ́, ó ń rìn!
Ó ń rìn ní ìsàlẹ̀ omi bí ẹni tówó rẹ̀ jábọ́.
Morádéùn ní, "Mọ́mì, ó ti kú."
Ó yọ, kòkòrò lẹ́nu, ara gbígbẹ.

A gòkè. Ilẹ̀ dúdú ń fa bàtà.
Ẹyẹ ẹlẹ́nu dòjé kò tíì dé láti etí òkun;
bàbá ní ó di oṣù kẹta.
Ṣùgbọ́n ehoro wà níbẹ̀,
ó ti pààrọ̀ aṣọ de yìnyín, yìnyín ò wá.
Ó jókòó gbangba, funfun báláú lórí òkè dúdú,
bí àlejò tó wọ sányán
síbi tí gbogbo ènìyàn ti wọ ṣòkòtò iṣẹ́.
Mo mọ ìjókòó yẹn.
Ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó bẹ́ẹ̀ nílùú yìí.

Àfi fùú! lábẹ́ ẹsẹ̀ wa,
ẹyẹ pupa kan, àbúrò àparò, ó ń pariwo lọ.
Bàbá Hásílámù rẹ́rìn-ín, ó tún dákẹ́.
Ó ní lédè tàwọn, "Padà, padà" ló ń wí.
Bó ti sọ ọ́ tán, ojú tì í;
ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú.

Morádéùn ní, "Rárá o. Ẹ tún un gbọ́.
Kó bà! Kó bà! Kó bà!"

Ẹyẹ náà sì bà,
kì í ṣe lórí okùn tí ara ò ní í rọ̀ ọ́,
lórí koríko ni, ó ń wò wá.

Nígbà tó dalẹ́, omi inú ìgò ti tutù.
Mo mu ún bẹ́ẹ̀.